Ẹṣin Ẹ̀yìnkùlé: Ta Ni Ẹlẹ́rìí Alágbára?

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Onílé ni òwe yìí ń kìlọ̀ fún, pé kí ó má ṣe fi ọkàn tán gbogbo ẹni tí ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà ní ẹ̀yìnkùlé tí òwe náà kò bá sọ̀rọ̀: ẹran tí onílé so mọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe é ṣe kí ẹran pa òwe, bóyá ì bá yí èyí padà, kí ó ní láti inú ilé ni ọ̀tá òun ti ń jáde wá ní òròòwúrọ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí: nígbà tí ènìyàn bá ní àṣẹ lórí ẹ̀dá tí kò lè fẹjọ́ sùn, tí ó sì wà ní ibi tí ojú ará òde kò tó, kí ni ó yẹ kí ó dá a lọ́wọ́ kọ́?

Ibi kan tí ìbéèrè yìí ti fojú hàn ní ìlú Ìbàdàn ni Ẹlẹ́yẹlé. Àwọn kan mọ àdúgbò yìí nítorí adágún omi rẹ̀, èyí tí ìjọba ṣe ní 1942 nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀nà kí ìlú lè rí omi mu. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n nítorí pé ibẹ̀ ni olú-iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́yẹlé kan náà ni ẹgbẹ́ póòlò Ìbàdàn ní pápá sí. Eré póòlò, tí wọ́n ti ń ṣe ní Èkó láti 1904, kì í ṣe eré kékeré. Pápá rẹ̀ lè gùn tó 300 yáàdì, kí ó sì fẹ̀ tó 200. Ẹni mẹ́rin ni ó ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù lórí ẹṣin tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ìṣẹ́jú bíi méje ni abala eré kan. Bí ó bá sì ti parí, ẹlẹ́ṣin yóò pààrọ̀ ẹṣin, nítorí pé eré àsápajúdé náà ju ohun tí ẹṣin kan ṣoṣo lè fara dà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Lórí irú pápá bẹ́ẹ̀, ojú pọ̀. Àwọn adájọ́ eré wà lórí ẹṣin tiwọn, àwọn òǹwòran wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, òfin eré sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi pàṣán tàbí kẹ́sẹ́ jẹ ẹṣin níyà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni ọjọ́ ìdíje nínú ọdún? Ẹṣin tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ní ọjọ́ mélòó kan, ilé ẹṣin ni ó wà ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gùn ún yí po nínú ọgbà tí wọ́n fi igi tàbí ògiri yí ká. Ibi tí pápá ńlá ti ń fi ẹ̀yẹ hàn, ọgbà kékeré ni ó ń fi ìwà hàn.

Ní ayé àtijọ́, ẹṣin kì í ṣe ohun ẹ̀yìnkùlé láàrin Yorùbá; ohun òde ni. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, àwọn jagunjagun rẹ̀ sì lo ẹṣin tí wọ́n ń rà láti òkè ọya. Bí ènìyàn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí ilẹ̀ igbó ni ẹṣin ń ṣọ̀wọ́n sí i, nítorí pé eṣinṣin tsetse tí ó pọ̀ nínú igbó ń kó àrùn tí ó ń pa ẹṣin ràn án. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí Robin Law ṣàlàyé nínú ìwé tí ó kọ ní 1980 lórí ipò ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni ó borí ogun ẹlẹ́ṣin. Nítorí náà, ní ilẹ̀ igbó, ẹni tí ó bá ní ẹṣin ní ohun tí ó wọ́n, tí ó sì ṣòroó tọ́jú. Ọba, ìjòyè àti akọni ni wọ́n ń gùn ún, ojú gbogbo ayé ni wọ́n sì ti ń gùn ún. Títí di òní, ní ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹbí Balógun ṣì ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, tìlù tìfọn, pẹ̀lú gàárì olówó iyebíye. Ẹṣin tí ó bá rù ní irú òde bẹ́ẹ̀, olówó rẹ̀ ni ó dójú tì. Ojú àwùjọ ni ìjánu ẹlẹ́ṣin.

Pápá ìgẹṣin inú ọgbà yọ ìjánu yẹn kúrò. Kì í ṣe pé pápá náà burú fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò ń fi dáàbò bo ẹṣin ni. Irú èyí tí wọ́n ń lò fún ìdíje ìgẹṣin aláràbarà ní òkè òkun máa ń fẹ̀ tó 20 mítà, ó sì máa ń gùn tó 40 tàbí 60 mítà. Ti ilé ẹlòmíràn lè máà tó bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹṣin láti dúró, láti yà, láti padà sẹ́yìn, láti máa fara balẹ̀ bí ọ̀pá bá ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Olóye ẹlẹ́ṣin yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹṣin rìn jẹ́jẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iṣan rẹ̀ lè nà. Bí ó bá yí i sí ọ̀tún, yóò yí i sí òsì bákan náà, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà le ju èkejì lọ. Kò ní yí i ní òbíríkítí kékeré láìdáwọ́ dúró, nítorí pé oríkèé ẹsẹ̀ ni ó ń jẹ gbèsè rẹ̀. Yóò wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìgbà òjò, ẹrẹ̀ ń yọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ilẹ̀ a le bí àpáta, a sì máa dún mọ́ egungun ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí iyanrìn bá sì jìn jù, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò fa ya. Nígbà tí oòrùn oṣù kẹta bá mú ganrínganrín, àfẹ̀mọ́jú tàbí ìrọ̀lẹ́ ni yóò gùn ún. Bí ó bá sì ti ṣe tán, yóò tún jẹ́ kí ó rìn títí mímí rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Gbogbo èyí kò ju ìlàjì wákàtí sí wákàtí kan lọ. Ìyókù ọjọ́, ẹṣin nílò koríko, omi, àti ẹṣin bí irú tirẹ̀ nítòsí, nítorí pé agbo ni Ẹlẹ́dàá dá a mọ́.

Ohun kan wà nípa ẹ̀dá ẹṣin tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni. Nínú igbó, èyí tí ó bá fi àárẹ̀ hàn ni kìnnìún ń kọ́kọ́ mú. Nítorí náà ẹṣin ti kọ́ láti fi ìrora pamọ́. Ajá a máa ké bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹṣin lè máa ru ènìyàn lórí ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún, kí ó má sì ṣe ju kí etí rẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀ lọ. Ìrora tí kò ní ohùn ń bẹ nínú ọgbà tí kò ní òǹwòran: ìgbà tí ohun méjèèjì bá pàdé ni a ń mọ ẹni tí ó ní ìwà.

Kí a mú un pé ọkùnrin kan ní ẹṣin kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹṣin ti ń kọ̀ láti yà sí òsì. Bí olówó rẹ̀ bá ti fa okùn ìjánu, yóò ju orí sókè, yóò sì yẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lásìkò, ó sì ń ṣe ìtọrẹ àánú. Ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ó fi kẹ́sẹ́ gún ẹṣin, ẹṣin kọ̀. Ó fi pàṣán lù ú, ẹṣin yà. Ó ní, “Ẹ rí i? Oríkunkun lásán ni.” Olùtọ́jú ẹṣin dúró sí ẹnu ọ̀nà ọgbà pẹ̀lú korobá omi. Òun ni ó ń fi koríko fún ẹṣin ní òwúrọ̀, ó sì ti rí i pé láti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹṣin ti ń jẹ koríko tì, tí ó ń tu ìdì koríko tí kò jẹ kúnná sílẹ̀. Ó mọ̀ pé eyín ni ó ń dùn ún, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí irin ìjánu ń tẹ̀. Ó mọ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ mẹ́rin nílé, iṣẹ́ sì wọ́n.

Níhìn-ín, ta ni ó ṣẹ̀? Agbẹjọ́rò ọkùnrin náà lè kọ́kọ́ sọ pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀: owó rẹ̀ ni ó fi ra ẹṣin, ilẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́ ọgbà sí, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá wòran. Ohun ẹni ni ti ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára létí, ṣùgbọ́n kò dúró lórí ẹsẹ̀ tí ó pé. Ohun tí owó ń rà ni àǹfààní láti lo nǹkan. Owó kò lè ra pé kí ohun tí ń dun ẹlòmíràn má dùn ún mọ́. Ẹni tí ó ra àga lè fi dáná, kò kan ẹnikẹ́ni, nítorí pé àga kò mọ iná. Ẹṣin mọ kẹ́sẹ́. Ní 1789, Jeremy Bentham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti ń jiyàn pé ọgbọ́n tàbí ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn fi díwọ̀n ohun tí ó tọ́ sí ẹranko, bí kò ṣe ìrora tí ó lè jẹ. Yorùbá kò dúró de Bentham kí ó tó sọ èyí: ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó mọ bí ó ti ń dunni. Òwe náà kò béèrè ẹni tí ó ni ẹyẹ.

Òfin pàápàá kò gbà pé ohun ẹni ni ti ẹni láìní ààlà. Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe lílù nìkan ni ó dárúkọ; ó dárúkọ gígùn ní àgùnjù àti ẹrù àdìjù, ó sì dárúkọ dídẹ́rù ba ẹranko pẹ̀lú. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò lè bọ́ ẹṣin kan yó lónìí. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ẹlẹ́rìí ni òfin ń lò. Ẹṣin kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, olùtọ́jú rẹ̀ kò sì jẹ́ dá a láṣà. Nítorí náà òfin dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìhín ni ìbéèrè náà ti di ti ọlọ́gbọ́n orí. Plato, ará Gíríìkì, kọ ìtàn olùṣọ́-àgùntàn kan tí ó rí òrùka tí ó máa ń sọ ọ́ di ẹni àìrí. Kò pẹ́ tí ó fi gba ìyàwó ọba, tí ó pa ọba, tí ó sì jọba. Ìbéèrè tí ìtàn náà gbé dìde ni pé: bí ènìyàn bá mọ̀ dájú pé ojú kankan kò lè rí òun, ǹjẹ́ ìdí kan tún kù tí ó fi yẹ kí ó ṣe rere? Ọgbà ẹ̀yìnkùlé dà bí òrùka yẹn. Ìdáhùn tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà Yorùbá ni pé: amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Ìdáhùn náà dára, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ohun tí ó sọ ni pé ojú mìíràn ṣì wà. Kò tíì dáhùn bóyá ènìyàn lè ṣe rere láìsí ojú. Ẹni tí ó fi ẹ̀rù ojú ọ̀run rọra gun ẹṣin ti sàn ju ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun lọ. Síbẹ̀ ẹni kẹta wà tí ó sàn ju àwọn méjèèjì lọ: ẹni tí ó wo ẹṣin fúnra rẹ̀, tí ó rí etí tí ó sún sẹ́yìn, tí ó sì dáwọ́ dúró nítorí ohun tí ó rí. Ní ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọgbà náà kò ṣófo rí. Ojú méjì ẹṣin wà níbẹ̀, ó sì tó o ní ẹlẹ́rìí. Ìwà tí Yorùbá pè ní ẹwà nìyí, èyí tí kì í bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ òde nígbà tí ènìyàn bá wọlé.

Àtakò kejì ní láárí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tí ó mọ ẹṣin dáadáa yóò sọ pé àánú lásán kò kọ́ ẹṣin. Ẹṣin tí kò gbọ́ ìjánu lè pa ẹni tí ó gùn ún, ó lè tẹ olùtọ́jú pa, ó sì lè já wọ àárín ọ̀nà láàrin ọkọ̀. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti kọ́ ẹṣin rẹ̀ kò ṣàánú fún un. Ewu ni ó fi pamọ́ sí i lára. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń bá ìbáwí jà. Ohun tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ ni ìbáwí àti ìbínú. Ìbáwí máa ń parí ní kété tí ẹṣin bá ti lóye. Ìbínú kì í parí àfi bí ó bá tán nínú ẹni tí ń bínú. Xenophon, jagunjagun ará Gíríìkì tí ó kọ ìwé lórí ẹṣin ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀lẹ lójú ogun. Síbẹ̀ òun ni ó fi ẹṣin tí wọ́n fipá kọ́ wé oníjó tí wọ́n ń na ní pàṣán, pé ohun tí irú wọn bá ṣe kò lè ní òye tàbí ẹwà nínú. Òun náà ni ó gba ẹlẹ́ṣin nímọ̀ràn pé kí ó kọ́ ilé ẹṣin sí ibi tí ojú òun fúnra rẹ̀ yóò ti máa tó o nígbà gbogbo. Ẹ̀yìnkùlé kọ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Iwájú ojú ni. Yorùbá náà sì ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀bi ọkùnrin tí ó ní ẹṣin kò wá ju pé ó ka ìdáhùn sí ibi tí ó yẹ kí ó ti béèrè ìbéèrè. Ẹṣin kọ̀ láti yà. Ó ní oríkunkun ni. Bí ó bá béèrè “Kí ló dé?” ṣáájú kí ó tó na ọwọ́ sí pàṣán, korobá omi tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ì bá dá a lóhùn. Èyí ni ó sọ ọ̀rọ̀ olùtọ́jú ẹṣin di pàtàkì. Òṣìṣẹ́ náà kò mọ́ tónítóní nínú ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ta ni ó sé e lẹ́nu? Ẹni tí ó bá jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa bẹ̀rù láti sọ òtítọ́ ti fọ́ ojú ara rẹ̀. Immanuel Kant, ará Jámánì, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá sọ ọkàn rẹ̀ di líle sí ẹranko yóò sọ ọ́ di líle sí ènìyàn pẹ̀lú. Nínú ọgbà yìí, ọ̀nà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé: ọkàn tí ó le sí ènìyàn ni kò jẹ́ kí ìrora ẹranko dé etí ọ̀gá.

Àyẹ̀wò tí ó kẹ́yìn ni ti ọjọ́ ogbó. Ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo 25 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, ṣùgbọ́n ọdún tí ó lè fi sáré líle kò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún wo ni ti ẹṣin, ọdún wo sì ni ti ẹlẹ́ṣin? Orúkọ àdúgbò Ẹlẹ́yẹlé mú òwe kan wá sọ́kàn: ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ìṣòro kí ó yẹrí. Ẹyẹ ni òwe náà ń yìn, ènìyàn ni ó sì ń bá wí. Bí ẹyẹ tí kò ní ju ìkúùkù ọkà kan gbà lọ́wọ́ onílé bá lè dúró tì í, báwo ni yóò ti rí kí onílé tí ẹṣin ti gbé lórí ẹ̀yìn fún ọdún mẹ́wàá, tí ife ẹ̀yẹ tí ẹṣin gbà fún un sì wà nínú pálọ̀, wá yẹrí ní ọjọ́ tí orúnkún ẹṣin bá wú?

Olùkọ́ tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé kò kan òun, nítorí pé kò ní ẹṣin. Ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà ní ògiri mẹ́rin, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì. Ọmọ kan wà nínú rẹ̀ tí kò yà sí ibi tí wọ́n ní kí ó yà, tí kò dáhùn nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ẹgba sì wà lórí tábìlì. Ó lè jẹ́ oríkunkun. Ó sì lè jẹ́ pé kò jẹun kí ó tó kúrò nílé, tàbí pé kò rí ohun tí wọ́n kọ sára pátákó láti ibi tí ó jókòó sí. Akẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jókòó tì í mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè.